Kí là ń pe ẹni tó ń rán ẹ̀kú?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Òṣogbo ìlú aró ni mo wà. Àwọn ọmọ iléèwé kan ń múra eré orí ìtàgé, èmi ni wọ́n sì ní kí n kọ ìwé ètò rẹ̀. "Aṣọ eré" ni mo kọ fún ohun táwọn òṣèré máa wọ̀. Ìyẹn ò ní wàhálà. Ti eégún tó máa jáde ló dá mi dúró. Mo kọ "ẹ̀kú", bàbá kan ní "agọ̀" ni kí n kọ. Ṣé ọ̀kan náà ni méjèèjì, àbí wọ́n yàtọ̀?

Ẹni tó rán an ńkọ́? Ahunṣọ ló ń hun òfì, aláró ló ń rẹ aṣọ láró, télọ̀ ló ń rán bùbá. Mo kọ́kọ́ kọ "télọ̀ eégún", ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín (èmi náà rín in). Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ mọ ìgbà Dúró Ládiípọ̀, òṣèré orí ìtàgé, ní Mbari Mbayo, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà tó wà níbí láti 1962, kí lẹ̀ ń pe àwọn tó ń ṣe aṣọ eré yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìlú yín mọ́ ọn, torí ẹ̀ka èdè.