Ta ló ti bá amọ̀nà fẹsẹ̀ rìn ní Pópó Àgùdà rí?

Àbẹ̀kẹ́ Ìta Fájì
Mo kí gbogbo ilé o. Àwọn ọmọ àbúrò mi ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì fẹ́ kí amọ̀nà mú wọn fẹsẹ̀ rìn káàkiri Pópó Àgùdà, àdúgbò àwọn tó ti oko ẹrú Bràsíìlì padà dé, ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ojú yín rí?

Ọmọ Kakawá
Mo lọ lọ́dún tó kọjá. Amọ̀nà wa, tó jẹ́ ọmọ bíbí àdúgbò, kọ́kọ́ mú wa dé Ilé Omi tí João Esan da Rocha kọ́, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ Bràsíìlì, tó sì padà wá sí Èkó. Kànga ilé náà ni àwọn aráàlú ti ń ra omi tó mọ́ láyé ìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n ibi tó wọ̀ mí lára jù ni Tinúubú, nítorí iwájú ilẹ̀ tí kò sí ilé lórí rẹ̀ mọ́ ló ti dá wa dúró. Ibẹ̀ ni ilé tí à ń pè ní Ilọ́jọ̀ Bar wà tẹ́lẹ̀. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní nǹkan bí 1855, ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o lulẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Ọkùnrin náà yọ fọ́tò àtijọ́ kan nínú àpò ọ̀rá, ó gbé e sókè síbi tí ilé náà wà, ó sì ń fi ìka tọ́ka sí àwọn fèrèsé tí orí wọn tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàbá Ìbejì
Bí òrùlé bá ń jò, tí ògiri ń sán, tí ìjọba tó kéde ilé kò sì mú kọ́bọ̀ wá, kí ni kí ẹni tó jogún rẹ̀ ṣe?

Ọmọ Kakawá
Ẹ̀yin Bàbá Ìbejì, mo gbà pé òrùlé ń jò. Òrùlé ni à ń tún ṣe nígbà náà, a kì í wó ilé tí ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún.

Bàbá Ìbejì
Owó ta ni a ó fi tún un ṣe? Ẹ kò tíì dáhùn.

Ìyá Campos
Ọmọ mi Kakawá, ọ̀rọ̀ rẹ dùn mọ́ mi, àmọ́ ṣé amọ̀nà yín mú yín wọ ilé ẹnikẹ́ni? Ní ọjọ́ Ẹtì Rere, àwa Àgùdà máa ń se frejon: a ó se ẹ̀wà títí yóò fi rọ̀, a ó lọ̀ ọ́ kúnná, a ó da omi àgbọn sí i, a ó sì fi ẹja díndín jẹ ẹ́. Àwọn tó ń mú àlejò rìn ń tọ́ka sí ògiri láti ìta, wọ́n ń kọjá lọ, nígbà tí àwọn tí bàbá wọn mọ ògiri náà jókòó sínú ilé.

Akin ará Ìbàdàn
Òótọ́ ni ìyá sọ.

Àjọkẹ́
Ìlú Salvador ní Bàhíà, ilẹ̀ Bràsíìlì, ni èmi ti rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀, ní àdúgbò àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Pelourinho. Amọ̀nà wa sọ ìtàn ọ̀tẹ̀ oṣù Kìíní 1835, tí àwọn ẹrú àti àwọn tó ti gba òmìnira, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Mùsùlùmí ọmọ Yorùbá, dìde sí àwọn aláṣẹ Bàhíà nínú oṣù ààwẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun wọn, wọ́n lé àwọn kan kúrò nílùú, àwọn mìíràn sì fúnra wọn wá ọkọ̀ padà sí Èkó, Àjàṣẹ́ àti Ouidah. Ìgbà tí mo gbọ́ èyí ni mo tó mọ ìdí tí Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ti 1894 fi jọ ilé Bràsíìlì: Àgùdà ni João Baptista da Costa tó kọ́ ọ.

Olùkọ́ Ṣínà
Kì í ṣe gbogbo ohun tí amọ̀nà bá sọ ni kí á gbé mì. Ní Ouidah, ní ilẹ̀ Benin, amọ̀nà ní àwọn ọkùnrin tí wọ́n kó lẹ́rú máa ń yí Igi Ìgbàgbé ká lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, àwọn obìnrin lẹ́ẹ̀meje, kí wọ́n tó kó wọn lọ sétí òkun. Mo béèrè ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí, ó ní àwọn baba òun ló sọ ọ́.

Ìyá Campos
Ẹnu baba kì í ṣe ẹ̀rí ni?

Olùkọ́ Ṣínà
Ẹ̀rí ni, ìyá. Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí amọ̀nà sọ pé "a gbọ́" níbi tó ti gbọ́, kí ó sì sọ pé "ó wà lákọsílẹ̀" níbi tó bá wà lákọsílẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Ìta Fájì
Ọjọ́ wo ni kí àwọn ọmọ yìí lọ?

Ọmọ Kakawá
Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni. Bí àwọn oníṣòwò Balógun kò bá pàtẹ, wọn á lè rí àwọn ilé náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ìyá Campos
Kí wọ́n wá kí mi lẹ́yìn ìsìn o.