Báwo ni mo ṣe lè dín ṣúgà kù nínú bìsíkíìtì ọ́ọ̀tì láì sọ ọ́ di kéèkì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa yíyan bìsíkíìtì. Mo ń gbìyànjú láti ṣe bìsíkíìtì ọ́ọ̀tì tí yóò ṣe ara àwọn ọmọ mi lóore, ni mo bá yọ gírámù 150 ṣúgà kúrò pátápátá, mo fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì tó pọ́n dáadáa àti ṣíbí oyin méjì rọ́pò rẹ̀, mo sì lo ìyẹ̀fun àlìkámà tí wọn kò yọ èèpo rẹ̀ dípò èyí tó funfun. Adùn rẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn gan-an, ṣùgbọ́n ó rọ̀ bíi kéèkì, kò tẹ́ nínú ààrò, ó sì ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ ní ọjọ́ kejì.

Ó yé mi pé adùn nìkan kọ́ ni iṣẹ́ ṣúgà, nítorí pé yíyọ́ tó ń yọ́ nínú ooru ló ń mú kí bìsíkíìtì tẹ́, kí etí rẹ̀ sì le, nígbà tí omi inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń mú un rọ̀. Ṣé kí n dá díẹ̀ padà nínú ṣúgà náà ni, àbí kí n lo ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo, kí n sì fi àpòpọ̀ náà sílẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú kí ọ́ọ̀tì lè fa omi mu? Oyin máa ń tètè pọ́n nínú iná, ìsàlẹ̀ àwọn bìsíkíìtì náà sì jó ní 180°C. Ẹni tó bá ti lo oyin rí, ẹ jọ̀wọ́, ìwọ̀n ooru wo ni ẹ fi yan tiyín?