Ifẹ̀, Ọ̀ṣogbo, Ìdànrè pẹ̀lú ₦100,000: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Tíṣà Ìtàn, Ìbàdàn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ilé ẹ̀kọ́ gírámà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn. Mò ń sọ̀rọ̀ Ọ̀rànmíyàn àti Òṣun fún wọn, bẹ́ẹ̀ n kò tíì fojú ara mi rí ibì kankan nínú gbogbo rẹ̀, ó sì ń dùn mí. Tí a bá gba ìsinmi lóṣù kẹjọ, èmi àti ọ̀rẹ́ mi obìnrin kan fẹ́ gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, ká lọ. ₦100,000 ni owó àwa méjèèjì pọ̀ mọ́ra. A ò wá fàájì. Yàrá tó mọ́, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣeé tì, ti tó wa. Ṣé owó yìí á ká a? Ṣé ká lọ lásìkò ọdún Òṣun, àbí ká sún un síwájú?

Ọmọ Ọ̀ṣogbo
Á ká a, tí ẹ bá jọ sun yàrá kan náà. Àmọ́ ẹ má wá lọ́sẹ̀ tí ọdún Òṣun máa parí. Èrò ń ti Bùràsíìlì àti Amẹ́ríkà wá, owó yàrá á sì gbówó lórí. Oṣù kẹsàn-án ló dáa, nígbà tí igbó Òṣun bá ti dákẹ́, tí amọ̀nà sì ráyè yín.

Láti ààfin Àtáọ́ja, ọba Ọ̀ṣogbo, ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi rìn dé igbó. Arugbá fúnra rẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn ín, tòun ti igbá lórí, ẹ má wulẹ̀ fowó fún ọlọ́kadà. Tí ẹ bá dé géètì, ẹ san owó àbáwọlé, kí ẹ gba rìsíìtì. Owó kámẹ́rà yàtọ̀, torí náà ẹ bèèrè kí ẹ tó yọ fóònù.

Amọ̀nà ni kí ẹ má ṣahun sí o. Òun ló máa sọ fún yín èyí tí Àdùnní Olórìṣà mọ, àti èyí tí Adébísí Àkànjí fi sìmẹ́ǹtì ṣe. Susanne Wenger, ọmọ Austria, ni orúkọ àbísọ Àdùnní; ó dé Nàìjíríà ní 1950, ó sì kú sí Ọ̀ṣogbo ní 2009. Nígbà tí àwọn kan ń gé igi igbó náà, òun àtàwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú ni wọ́n gbé ère kalẹ̀ láti fi dáàbò bò ó. Ní 2005 ni UNESCO kà á mọ́ ogún àgbáyé.

Ìyá Ìbejì
Ọmọ Ọ̀ṣogbo, òótọ́ lẹ sọ nípa owó yàrá, ṣùgbọ́n tíṣà ìtàn ni wọ́n! Kí wọ́n wá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún Òṣun, lálẹ́ tí wọ́n bá tan iná olójúmẹ́rìndínlógún, ìyẹn àtùpà tó ní ojú iná mẹ́rìndínlógún, láàfin. Èrò àjò kò tíì pọ̀ nígbà yẹn. Tíṣà, ẹ lọ wò ó, ẹ jọ̀ọ́.

Tí ẹ bá dé etí odò, ẹ má mu omi rẹ̀. Ìwakùsà wúrà lápá òkè ti ba odò Òṣun jẹ́, ó ti pọ́n bí ẹrẹ̀. Inú mi kì í dùn tí mo bá rí i.

Ará Mọ̀ọ́rè, Ilé-Ifẹ̀
Ọmọ mi, má sun Ifẹ̀. Tètè wọ mọ́tò ní Ìwó Road, kó o dé ọ̀dọ̀ wa láàárọ̀, kó o wá gba Ṣẹ́kọ́nà kọjá sí Ọ̀ṣogbo nírọ̀lẹ́. Owó oorun kan ti yọ nìyẹn.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà ní Ẹnuwá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Ọọ̀ni. Ní 1938, ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ni wọ́n ti kan àwọn orí idẹ. Fara balẹ̀ wo ilà wẹ́wẹ́ tó gba ojú wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, lọ sí Ọ̀pá Ọ̀rányàn (òkúta Ọ̀rànmíyàn) ní Mọ̀pà. Ó ga tó mítà 5 àti ààbọ̀, ìṣó irin ni wọ́n sì gbá tò sára òkúta náà. Báwo ni wọ́n ṣe gbá a wọlé tí òkúta ò fi là? Bi àwọn ọmọ kíláàsì rẹ.

Ẹnì kan tí kò wọ aṣọ iṣẹ́ ti gbowó lọ́wọ́ mi rí níbi ìṣẹ̀ǹbáyé kan, kò sì já ìwé. Bí wọn ò bá já rìsíìtì, má san.

Àkúrẹ́ L'Ó Wù Mí
Àkúrẹ́ ni kí ẹ sùn fún ti Ìdànrè, kí ẹ wọ takisí l'áàárọ̀ kùtù. Àtẹ̀gùn òkè náà lé ní 600, ibi ìsinmi márùn-ún ló wà lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ya fọ́tò lókè àtẹ̀gùn, wọ́n á sì sọ̀ kalẹ̀. Ó ń ká mi lára gan-an, torí iwájú ni ìlú àtijọ́ wà: ààfin Ọwá (ọba Ìdànrè), ilé ẹjọ́, ilé ẹ̀kọ́, gbogbo rẹ̀ láàárín àpáta, níbi tí wọ́n ń gbé títí wọ́n fi kó sọ̀ kalẹ̀ ní 1923. Ẹ rìn débẹ̀.

Tíṣà Ìtàn, Ìbàdàn
Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Alẹ́ iná olójúmẹ́rìndínlógún la máa bá lọ, Ifẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, lẹ́yìn náà Àkúrẹ́. Báàgì wa ńkọ́, ṣé ká gbé e gun Ìdànrè ni? Tí òjò bá sì rọ̀?

Àkúrẹ́ L'Ó Wù Mí
Rárá o. Ẹ fi báàgì sílẹ̀ nílé tí ẹ bá sùn, omi àti búrẹ́dì nìkan ni kí ẹ gbé. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, ẹ dúró kí oòrùn ràn díẹ̀ kí ẹ tó gùn, òkúta náà máa ń yọ̀. Bàtà tó ní eyín ni kí ẹ wọ̀.