Ẹ jẹ́ kí ìpínlẹ̀ kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìtàn ara rẹ̀

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ará. Tíṣà Social Studies ni mí ní girama kan l'Ákùúrẹ́. Ojú mi ló ṣe nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ ẹ̀kọ́ Ìtàn kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré láti sáà 2009/2010. Kò sẹ́ni tó bi wá. Wọ́n ní ó ti wọ inú Social Studies. Ìwọ̀nba tó wọ ibẹ̀ kéré.

Lọ́jọ́ kan, ìdìbò la ń kọ́. Ìwé sọ iṣẹ́ àjọ elétò ìdìbò, ó sọ ẹ̀tọ́ ará ìlú, ó parí. Ọmọ kan nawọ́: "Mà, bàbá àgbà wa ní wọ́n jó ilé l'Ákùúrẹ́ yìí nítorí ìbò. Ṣé òótọ́ ni?" Mo pa ìwé dé. Mo sọ ti oṣù kẹjọ ọdún 1983 fún wọn: bí Akin Ọmọ́bóríowó, tó jẹ́ igbákejì Gómìnà Adékúnlé Ajásin kó tó bọ́ sínú ẹgbẹ́ òṣèlú NPN, ṣe dẹni tí FEDECO, àjọ elétò ìdìbò ìgbà yẹn, kéde pé ó wọlé gómìnà, bí ìgboro ṣe gbaná, tí ẹ̀mí ṣòfò, bí ilé-ẹjọ́ ṣe dá ipò padà fún Ajásin. Òpópónà tí wọ́n ń gbà wá sílé-ìwé ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀! Kò sí ẹni tó rántí agogo ìsinmi.

Mo kọ ọ́ sínú nóòtì iṣẹ́ mi. Nígbà tí alábẹ̀wò dé, ó fi bírò pupa fa ìlà gba orí gbogbo rẹ̀, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kò sí nínú kàríkúlọ́ọ̀mù. Mi ò bá a jà, ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un ló ń tẹ̀ lé. Àwọn tó kọ ọ́ ni mo bá wí.

Ní 2022, wọ́n kéde pé Ìtàn ń padà bọ̀. Inú ọ̀pọ̀ tíṣà dùn. Tèmi ò dùn tó bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó fi àṣẹ kan yọ ọ́, tó tún fi àṣẹ kan dá a padà, lè yọ ọ́ lọ́la. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún ìpínlẹ̀ náà láṣẹ lórí ẹ̀kọ́. Àmọ́ owó UBEC, àjọ àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ń bẹ níbẹ̀, ìpínlẹ̀ á mú ìdajì tirẹ̀ wá kó tó rí ti àpapọ̀ gbà, ta ló fẹ́ bá ẹni tó di owó mú jiyàn?

Wọ́n á ní bí ìpínlẹ̀ bá ń kọ́ ọmọ ní ìtàn ara rẹ̀, á pín wa níyà. Rárá o. Kí ọmọ Àkúrẹ́ mọ Usman dan Fodio, kó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n Ihò Eléérú wà lẹ́bàá Ìsarun, ẹ̀yìnkùlé wa níbí, níbi tí wọ́n ti wa egungun èèyàn tó lé ní 10,000 ọdún jáde ní 1965. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ló gbọ́ ọ rí?

*

Tíṣà, ẹ ṣeun gan-an. Òde-Oǹdó ni mo wà. Ọmọbìnrin mi lè to orúkọ àwọn olórí orílẹ̀-èdè látorí 1960 dé òní. Nígbà ọdún Ẹkímọgún ló gbọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ pé obìnrin ni Pupupu, tí ìtàn ẹnu wa sọ pé òun ló kọ́kọ́ jọba Oǹdó, àti pé oyè Lóbùn ṣì jẹ́ ti obìnrin títí dòní. Ó dúró sójú kan, ó ní, "Mọ́mì, kí ló dé tí kò sí nínú ìwé wa?" Mi ò rí ìdáhùn fún un.

Mo ti ń bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ nílé-ìwé wọn. A fẹ́ lọ bá aṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, kí ìpínlẹ̀ Oǹdó kọ ìwé ìtàn tirẹ̀, kí àwọn tíṣà àtàwọn àgbà ìlú wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wà nítòsí, kó jẹ́ ká jọ lọ.