Ẹ gbà mí o: páìpù omi ọkọ̀ mi ti dípẹtà tán, mẹkáníìkì kẹta rèé

Àbẹ̀kẹ́ Onítìróò:
Ẹ̀yin ará ilé yìí, ẹ kú iṣẹ́ o. Kíkà ni mo máa ń kà níbí, mi ò kì í kọ nǹkan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ohun tí mo lè dá gbé. Ẹni tí kò bá ní ràn mí lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, kó má bú mi.

Méèkọ́ọ̀pù ni mò ń ṣe fún àwọn tó ń ya fíìmù ní Ìkòròdú níbí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó wà ní Jámánì ló fi mọ́tò ńlá kan ránṣẹ́ sílé, irú èyí tí àwọn òyìnbó máa ń sùn sínú rẹ̀ tí wọ́n bá lọ ṣeré ìsinmi. Ó ní bẹ́ẹ̀dì, ó ní kíṣìnnì, ó ní ilé ìwẹ̀. Dísù ló ń mu. Mo sọ ọ́ di ilé ìmúra fún àwọn òṣèré, iṣẹ́ sì ti ń wọlé dáadáa kí wàhálà yìí tó dé.

Ìmọta la wà lọ́jọ́ yẹn. Ayaba ni ọmọbìnrin tí mo ń kùn lójú fẹ́ ṣe. Mo ti lẹ ìpéǹpéjú ọ̀tún, tòsì ló kù, àfi bí èéfín funfun ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rú jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kí n tó ní kí ló dé, omi gbígbóná ti ń ṣàn nílẹ̀, aṣọ òkè tí wọ́n yá fún ìran ààfin rin gbingbin. Ayaba fò jáde pẹ̀lú ìpéǹpéjú ojú kan. Dàrẹ́kítọ̀ sọ̀rọ̀ sí mi níwájú àwọn ọmọ tó ń gbé iná, títí di bí mo ṣe ń kọ èyí kò tíì san ìyókù owó mi, ó tún ní kí n san owó aṣọ òkè. Ta ló ń ṣe irú ìyẹn?

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní páìpù omi ẹ́ńjìnnì ló jẹrà. Ó fi sukudiréfà kàn án ní abẹ́ mọ́tò, kò tiẹ̀ lo agbára, sukudiréfà wọlé ṣìn-ìn. Wẹ́dà jó o, ó jò níwájú ibẹ̀. Ó tún jó iwájú, ẹ̀yìn lu. Èkejì ní kí n lọ ra tuntun ní ọjà Ládípọ̀, Ládípọ̀ ní àwọn ò ní i. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ní òun á fi páìpù gáfánáìsì, èyí tí wọ́n fi ń fa omi sínú ilé, rọ́pò gbogbo rẹ̀, owó tó sì pè, ẹ jẹ́ kí n má sọ ọ́. Ọkọ mi ní kí n tà á fún àwọn alájákù. Ìyá ọkọ mi ní mi ò mọyì ohun tí ọmọ òun fi ránṣẹ́. Mo sì ní iṣẹ́ ní Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Kí ni ṣíṣe?

Bọ̀dá Gbẹ̀rìgbẹ̀:
Àǹtí, ẹ kú ìdààmú. Mọ́tò wo ni? Ọdún wo? Páìpù wo? A ti mọ̀ nípa ìpéǹpéjú ayaba, a ò mọ orúkọ mọ́tò.

Ìyá Ìbejì Ìgbógbó:
Ẹ pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Dánfó bàbá wọn náà ṣe báyìí nígbà kan. Ẹyin adìyẹ méjì ni wọ́n pò sínú rédíétọ̀, funfun rẹ̀ nìkan. Ibi tó ń jò dí pa. Ó gbé wa dé Ṣàgámù, ó gbé wa padà.

Alàgbà Odóńgunyàn:
Ìyá Ìbejì, lẹ́yìn tẹ́ ẹ dé láti Ṣàgámù ńkọ́? Ẹ sọ ìyókù. Ẹyin tó dí ibi tó ń jò, ṣé ó mọ̀ pé kí òun má dí ojú ihò rédíétọ̀? Ẹ yéé kọ́ àwọn èèyàn nírú nǹkan báyìí.

Ìyá Ìbejì Ìgbógbó:
Alàgbà, ẹ̀yin lẹ ni mọ́tò ni àbí bàbá wọn? A lò ó ọ̀pọ̀ oṣù kí a tó tà á.

Àbẹ̀kẹ́ Onítìróò:
Fíátì ni, Ducato, 1989 ló wà nínú ìwé rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ẹyin sílẹ̀, mẹkáníìkì kejì ti da ata dúdú sí i, kò gbọ́. Tí mọ́tò bá ń gbóná, òórùn ọbẹ̀ ló ń jáde níbẹ̀.

Ọmọ Ládípọ̀:
Hahaha! Mà, ìṣòro yín ti tán. Ducato ayé ìgbà yẹn àti Peugeot J5, nǹkan kan náà ni. Ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ní Ítálì ló ń ṣe méjèèjì, àmì iwájú nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀. Citroën C25 náà wà níbẹ̀. Ẹ má sọ pé Ducato lẹ̀ ń wá, wọ́n á ní kò sí. Ẹ sọ pé páìpù omi J5. Ẹ wá bá mi, màá mú yín lọ.

Ẹ́ńjìníà Àgríìkì:
Má tan àǹtí yìí jẹ. Bọ́dì wọn jọra, ilẹ̀kùn, gíláàsì, búréèkì, òótọ́ ni. Ẹ́ńjìnnì dísù wọn kọ́ ló jọra. Tí èyí tó wà nínú tiwọn bá jẹ́ 2.5 ti Fíátì, Sofim ló ń jẹ́, 2.5 tó wà nínú J5, tàwọn Faransé ni. Páìpù omi tó fara ti ẹ́ńjìnnì kan kò ní bá èkejì mu. Owó wọn á wọgbó.

Ọmọ Ládípọ̀:
Ẹ̀gbọ́n, mo ti ta á fún ẹni tó ní Ducato rí, kò dá a padà.

Ẹ́ńjìníà Àgríìkì:
Ó lè jẹ́ pé ó ti jù ú nù. Àǹtí, ẹ má ra páìpù kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìmú ti àtijọ́ dání. Ẹ má sì gba gáfánáìsì. Síǹkì tí wọ́n fi kùn ún kò bá kúlántì, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ omi rédíétọ̀, rẹ́, á máa ṣí wẹ́wẹ́, á lọ jókòó sínú rédíétọ̀. Ẹ lọ sí Owódé Onírin, ẹ wá páìpù sítéènlẹ́ẹ̀sì tí ìwọ̀n rẹ̀ bá họ́ọ̀sì yín mu. Kí ẹni tó bá gé e wú etí rẹ̀ díẹ̀ lójú méjèèjì, nítorí tí etí páìpù bá ń dán bọ̀rọ́, họ́ọ̀sì á yọ kúrò níbẹ̀ bó ti wù kí kílíìpù le tó.

Bọ̀dá Gbẹ̀rìgbẹ̀:
Páìpù bàbà ti àwọn tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe náà dáa. Ó rọrùn láti tẹ̀.

Alàgbà Odóńgunyàn:
Bàbà àti irin nínú omi kan náà? Wọ́n á jẹ ara wọn.

Bọ̀dá Gbẹ̀rìgbẹ̀:
Alàgbà, rọ́bà ló wà láàárín wọn, kúlántì gidi sì wà nínú omi. Rédíétọ̀ àtijọ́ tí ẹ̀yin náà ń yìn, kí ni wọ́n fi ṣe é? Ṣé kì í ṣe bàbà ni?

Alàgbà Odóńgunyàn:
Èmi ti sọ tèmi. Àǹtí, kúlántì wo lẹ̀ ń lò? Tẹ́mósítáàtì wà lára rẹ̀ ṣá?

Àbẹ̀kẹ́ Onítìróò:
Omi kànga ilé wa ní Ìjẹdẹ níbí ni, ó mọ́ gaara, òun la ń mu. Tẹ́mósítáàtì, mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ti yọ ọ́ jù nù. Ó ní ti ìlú òtútù nìyẹn, pé ooru tiwa kò fẹ́ ẹ. Mo rò pé ìyẹn bọ́gbọ́n mu.

Ẹ́ńjìníà Àgríìkì:
Kò bọ́gbọ́n mu rárá mà. Ilẹ̀kùn ni tẹ́mósítáàtì. Ó ń ti omi mọ́ ẹ́ńjìnnì títí yóò fi gbóná tó bó ṣe yẹ, nǹkan bí 80 sí 90°C, lẹ́yìn náà ló ń ṣí i sí rédíétọ̀. Ẹ́ńjìnnì dísù tó bá ń tutù jù, á máa mu epo, á máa rú èéfín, ara rẹ̀ á sì tètè gbó. Wọ́n ń yọ ọ́ kí mọ́tò tó ní àìsàn lè dà bí alára líle ni. Ẹ dá a padà.

Akéde Sábó:
Èmi yọ tèmi láti ọjọ́ tí mo ti ra mọ́tò, kò sí ohun tó ṣe é. Ìwé pọ̀ jù lọ́rọ̀ yín, ẹ́ńjìníà.

Ẹ́ńjìníà Àgríìkì:
Ẹ kú oríire, sà.

Alàgbà Odóńgunyàn:
Omi kànga tí èèyàn ń mu yàtọ̀ sí omi tí irin ń mu. Ìjẹdẹ tẹ́ ẹ wà, etí ọ̀sà ni, iyọ̀ ń wọ inú kànga. Kúlántì ìdajì, omi bátìrì (èyí tí kò ní ásíìdì) ìdajì. Kì í ṣe torí òtútù nìkan la ṣe ń lò ó, òun ni kì í jẹ́ kí inú irin dípẹtà. Ẹ sì ṣọ́ra, omi aláwọ̀ ewé lásán ni púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà létí títì. Ìbéèrè mìíràn: nígbà tí wẹ́dà ń jó irin lábẹ́ ibẹ̀, ṣé wọ́n ti yọ sílíńdà gáàsì kíṣìnnì kúrò? Ṣé wọ́n tú orí bátìrì?

Àbẹ̀kẹ́ Onítìróò:
Kì í ṣe pé mi ò tọ́jú mọ́tò o. Gbogbo oṣù ni mò ń pààrọ̀ omi rẹ̀. Àwọn kan ń sọ̀rọ̀ bíi pé obìnrin ni mo jẹ́ kò jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n tọ́jú.

Ìyá Ìbejì Ìgbógbó:
Ẹ má dá wọn lóhùn. Ọkùnrin ló yọ tẹ́mósítáàtì yẹn.

Bàbá Èbúté:
Ẹ dúró ná, gbogbo yín. Mo ti ń kà á láti àárọ̀. Ẹ́ńjìnnì Ducato, iwájú ló wà. Lẹ́yìn pátápátá ni bẹ́ẹ̀dì máa ń wà nínú irú mọ́tò yìí. Ọmọ mi, kí ni omi ẹ́ńjìnnì ń wá lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì?

Àbẹ̀kẹ́ Onítìróò:
Bàbá, ẹ káàárọ̀ sà. Bẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn ni lóòótọ́. Páìpù méjì ló ti iwájú wá, wọ́n gba abẹ́ mọ́tò, wọ́n wọ inú àpótí irin kékeré kan tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Fáànù wà nínú àpótí yẹn, bọ́tìnnì rẹ̀ wà lára ògiri. Mo tẹ̀ ẹ́ rí, mo rò pé amúlétutù ni, afẹ́fẹ́ gbígbóná ló fẹ́ sí mi lára, mi ò tẹ̀ ẹ́ mọ́. Páìpù méjì yẹn náà ni wọ́n ń jó. Ti iwájú kò ṣe nǹkan kan.

Bọ̀dá Gbẹ̀rìgbẹ̀:
HÍTÀ! Ẹ̀rọ tí àwọn òyìnbó fi ń mú inú mọ́tò gbóná nígbà òtútù!

Ọmọ Ládípọ̀:
Hítà ní Ìkòròdú! Ẹ gbà mí!

Ẹ́ńjìníà Àgríìkì:
Mo ti fẹ́ rán wọn lọ ra sítéènlẹ́ẹ̀sì o.

Bàbá Èbúté:
Mo wakọ̀ ní Hamburg, ní Jámánì, kí n tó wá sinmi sílé. Tí yìnyín bá bọ́, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí ojú títì níbẹ̀. Iyọ̀ yẹn ló ń jẹ abẹ́ mọ́tò. Páìpù yẹn ti ń kú láti ọ̀hún, omi kànga kàn bá a parí rẹ̀ ni.

Ọmọ mi, má ra páìpù kankan. Jẹ́ kí mẹkáníìkì wá ibi tí páìpù méjèèjì ti kúrò nídìí ẹ́ńjìnnì. Ọ̀kan ń gbé omi lọ, èkejì ń gbé e bọ̀. Kó tú méjèèjì kúrò, kó wá fi họ́ọ̀sì rọ́bà tó ń gba omi gbígbóná, tí kò gùn, so ibi tí omi ti ń jáde mọ́ ibi tó ti ń padà. Kó má fi ìdérí dí ẹnu wọn o. Lára ẹ́ńjìnnì mìíràn, ojú ọ̀nà hítà ni omi ń gbà yí kiri kí tẹ́mósítáàtì tó ṣí, ìyẹn ni mo fi ní kó so wọ́n pọ̀. Kó jẹ́ kí họ́ọ̀sì jìnnà sí sàlẹ́ńsà.

Nígbà tó bá ń rọ omi padà, kí ẹ́ńjìnnì tutù, kó ṣí hítà iwájú ọ̀dọ̀ dírẹ́bà sílẹ̀, kó máa fún họ́ọ̀sì lọ́wọ́ kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Tí afẹ́fẹ́ bá há sínú rẹ̀, rédíétọ̀ á kún, mọ́tò á ṣì máa gbóná. Kó kọ́kọ́ fọ ata yẹn kúrò. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣí ìdérí rédíétọ̀ tó ń hó.

Àbẹ̀kẹ́ Onítìróò:
Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ̀mí yín á gùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti kìlọ̀ pé kí a má yọ nǹkan kan kúrò lára mọ́tò náà, ó ń bọ̀ wálé ní Kérésì. Mẹkáníìkì kẹta náà ti kọ́kọ́ ní ká gé e kúrò, èmi ni mo ní rárá.

Bọ̀dá Gbẹ̀rìgbẹ̀:
Ẹ ò sọ ìyẹn fún wa láti òwúrọ̀!

Bàbá Èbúté:
Àpótí náà ò kúrò níbì kankan. Ẹ da omi inú rẹ̀ nù, ẹ fi rọ́bà dé ẹnu rẹ̀ kí aáyán má wọlé. Tó bá fẹ́ gbé e lọ sí Jọ́ọ̀sì nínú ọyẹ́, á so ó padà.

Àbẹ̀kẹ́ Onítìróò:
Ẹ̀yin ará, wọ́n ti ṣe é. Mẹkáníìkì kẹta náà ni mo padà pè, ó rẹ́rìn-ín mi dáadáa. Ní Sábó la ti ra họ́ọ̀sì àti kílíìpù mẹ́rin. Omi tó jáde nínú páìpù pupa bí omi osùn, ata ṣì wà nínú rẹ̀. Tẹ́mósítáàtì tuntun ti wà níbẹ̀. A gbé e dé Ìtọ́kín, a gbé e bọ̀, gééjì ooru ò kọjá àárín. A ń lọ Ẹ̀pẹ́ lọ́la. Owó aṣọ òkè ló kù, mi ò sì ní san án.

Akéde Sábó:
Àǹtí, èló lẹ̀ ń gbà lójúmọ́ tí èèyàn bá fẹ́ yá mọ́tò náà? Àbúrò ìyàwó mi ń ṣe ìgbéyàwó.

Àbẹ̀kẹ́ Onítìróò:
Ẹ kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀, sà. Owó kíkún ni mò ń gbà kí n tó kúrò nílé báyìí.