Èsì àyẹ̀wò ìtọ̀ ìyàwó mi: oògùn méjì péré ló ní S

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá, pàápàá lọ́dọ̀ ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti ẹ̀yin ará láàbù. Oyún ìyàwó mi ti wọ oṣù keje. Ìtọ̀ ń ta á bí ata, wọ́n fún un ní amoxicillin, ó lò ó tán, pàbó. Ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ká lọ ṣe culture, àyẹ̀wò tó ń fi kòkòrò tó wà nínú ìtọ̀ àti oògùn tó lè pa á hàn (ká ní wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ni!). Èsì ti dé: kòkòrò bakitéríà tí wọ́n ń pè ní E. coli ni. R (kòkòrò náà kò gbọ́ oògùn náà) ni wọ́n kọ síwájú ampicillin, amoxicillin àti cefuroxime. Nitrofurantoin àti meropenem nìkan ló ní S (oògùn náà lè pa á). Ọjọ́ Ajé la máa tó rí dókítà. Oníkẹ́míìsì àdúgbò ní ká ra ciprofloxacin, mo kọ̀, torí wọn kì í sábà fún aláboyún.

Ṣé ẹnikẹ́ni ti lo nitrofurantoin lóṣù keje? Mo mọ̀ pé wọn kì í fẹ́ fún ẹni tí ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Tó bá lò ó tán, ìgbà wo la máa tún ìtọ̀ yẹ̀ wò? Láàbù wo n'Íbàdàn ló ń ṣe culture dáadáa, èló sì ni? Ara rẹ̀ kò gbóná, ẹ̀gbẹ́ kò sì dùn ún. Bí ìyẹn bá bẹ̀rẹ̀, ọsibítù tààrà ni, a ò ní dúró de ọjọ́ Ajé.