Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú òrùka lẹ́sẹ̀

Ẹ gbọ́ ìtàn tèmi nípa òrùka tí àwọn oníwàádìí ń fi sí ẹyẹ lẹ́sẹ̀ kí wọ́n lè dá a mọ̀. Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni mo ti ń ránṣọ. Ohun tó mú mi mọ̀ nípa òrùka ẹyẹ kò ju àbúrò mi tó kẹ́kọ̀ọ́ ní ibùdó ìwádìí ẹyẹ A. P. Leventis, ní igbó Amurum lẹ́bàá Jos. Mo lọ kí i níbẹ̀, ló bá jí mi kí ilẹ̀ tó mọ́ pé ká lọ ta àwọ̀n.

Àwọ̀n ọ̀hún dúdú, ó tín-ín-rín bí irun orí. Ẹyẹ kì í rí i títí yóò fi kó sí i. Wọn kì í ta á kí wọ́n lọ sùn o! Lemọ́lemọ́ ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, bí oòrùn bá ti ń mú, wọ́n á ká a, kí ẹyẹ má baà kú síbẹ̀. Àbúrò mi fi ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín há ọrùn ẹyẹ kan, ẹ̀yìn rẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i láyà, ìyẹ́ là sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a wo bí ọ̀rá ṣe pọ̀ tó lábẹ́ awọ. Ó wọn ìyẹ́ apá, ó gbé e sórí òṣùwọ̀n nínú àpò aṣọ kékeré, ó fi puláyà pa òrùka alumíníọ́mù dé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Nọ́ńbà ara òrùka náà, ẹyẹ míì kò ní i. Bí wọ́n bá tún mú un lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n á mọ̀ pé òun náà ni.

Ìgbà ọyẹ́ ni alápàáǹdẹ̀dẹ̀ já wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó forí sọ dígí, ó ṣubú. Mo wò ó, òrùka! Ìyá Ìbejì tó ń ta ẹ̀kọ ní iwájú pariwo: "Àroko ni! Má fọwọ́ kàn án o!" Mo ní, "Ẹ fara balẹ̀, mà, àwọn oníwàádìí ló fi sí i." Kò gbọ́. Ó ti gbé agbọ̀n ẹ̀kọ rẹ̀ sún sẹ́yìn.

Mo fi fóònù ya òrùka náà yíká, nítorí ńṣe ni lẹ́tà ara rẹ̀ ń yí po ẹsẹ̀ ẹyẹ. Mo gbé ẹyẹ sínú páálí, nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó fò lọ. Mo fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tó wà lára rẹ̀. Èsì dé: inú ilé màlúù ní Jámánì ni wọ́n ti fi òrùka sí i, nígbà tó ṣì wà nínú ìtẹ́, ní ìgbà ooru tiwọn lọ́hùn-ún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún, ó ti ré òkun àti aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá! Ìyá Ìbejì béèrè bóyá wọ́n fowó ránṣẹ́. Rárá, ìtàn ẹyẹ nìkan ni wọ́n fi ránṣẹ́. Ó pòṣé.

Ọdún 1899 ni olùkọ́ kan ní Dẹ́ńmákì, Mortensen, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrùka alumíníọ́mù onínọ́ńbà sí ẹyẹ lẹ́sẹ̀. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan tí wọ́n fi òrùka sí ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1911, Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti rí i ní 1912. Nítorí náà, bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ òrùka nù.

Ti ẹyẹ wa gan-an ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ̀gà tó ń pariwo lórí ọ̀pẹ yìí, ọdún mélòó ló ń lò láyé? Igbó Ọ̀ṣun ì bá dára fún irú iṣẹ́ yẹn, nítorí kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ dẹ̀gbẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ bá Àwòrò Ọ̀ṣun pé òun fẹ́ ta àwọ̀n? Èmi kọ́ o.